Iná Ló Ń Pa Ọ̀dàn Wa Ni, àbí Ẹnu Màlúù?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó dé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀dàn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá lé. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ jókòó tì, torí ìjà ọmọ ìyá ti fẹ́ wà nínú rẹ̀, mo sì gbà pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè bá wa parí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń sin màlúù lórí ilẹ̀ ọ̀dàn tí bàbá wa fi sílẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú débi pé gbogbo koríko gbẹ háúháú, ẹ̀gbọ́n mi á ṣáná sí gbogbo pápá náà lẹ́ẹ̀kan. Kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé tútù á fi yọ, àwọn màlúù á sì ya bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní eérú ni ajílẹ̀ ọ̀dàn, pé iná ló ń jí ilẹ̀. Èmi ní iná ló ń pa á, torí láti bí ọdún márùn-ún ni koríko ti ń fọ́n ká, ojú ilẹ̀ le bí àwo, òjò tó bá rọ̀ kì í wọlẹ̀ mọ́, ṣe ló ń di àgbàrá. Èwo nínú wa ló jàre?
Àbúrò tí kò fẹ́ ìjà

ÌDÁHÙN
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín díẹ̀, kí inú má baà bí wọn tí wọ́n bá ń kà á.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀, mo bá àwọn kan lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ sun pápá, kí a lè wo ohun tí iná ń fi erùpẹ̀ ṣe. Iná náà ga jù mí lọ. Ó ń hó yèè, ooru rẹ̀ sì lé mi sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kò lò tó ìṣẹ́jú méjì lójú kan kó tó kọjá. Bí ooru ojú ilẹ̀ ṣe rọlẹ̀ tó ṣeé tẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi ọ̀bẹ gbá eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbẹ́ ihò kékeré, mo ti ìka bọ̀ ọ́ dé oríkèé kejì. Tútù ni mo bá a. Ikán funfun méjì ń rìn lọ nínú ihò náà, ọ̀nà iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń bá lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mi ò tíì gbàgbé bí ilẹ̀ yẹn ṣe tutù tó.

Erùpẹ̀ kì í tètè gbé ooru wọ inú. Lójú ilẹ̀, níbi tí koríko ti ń jó, ooru lè ju 300 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní sẹ̀ǹtímítà 3 sísàlẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi ń ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí ìtì igi bá wó sí, tí ó ń jó wúrúwúrú mọ́jú, ni iná ti ń yan ilẹ̀ pupa bí ìkòkò, koríko sì lè má hù níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ẹ fa ìtì igi kúrò ní pápá kí ẹ tó sun ún.

Eérú wá ńkọ́? Lóòótọ́, ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kálísíọ̀mù, pòtásíọ̀mù, mágínísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ bá iná lọ, torí ooru tó lè sọ wọ́n di afẹ́fẹ́ ju agbára iná koríko lọ. Wọ́n á balẹ̀ pẹ̀lú eérú, wọ́n á sì dín kíkan ilẹ̀ kù díẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti jàre nìyẹn. Àmọ́ náítírójìn, èyí tí ewé fi ń dúdú minijọ̀ tí màlúù sì fi ń kọ́ ẹran ara, ti ń gbéra lọ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 200. Èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn ewé tó jó ló ń bá èéfín lọ, imí ọjọ́ náà sì ń tẹ̀lé e. Àní eérú tó balẹ̀ pàápàá, bí ìjì bá dé kí òjò tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń gbé e lọ. Àwọn àgbà ní iná ń jóko, màjàlà ń ṣòfófó. Apá kan nínú ọ̀rá ilẹ̀ yín ni màjàlà ń ròyìn rẹ̀ kiri lójú ọ̀run yẹn.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí náítírójìn bá ti lọ, kí ló bí ewé tútù tó yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí òjò kò tíì kán? Ẹ hú ìdí koríko kan wò. Inú gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀ ló ti wá. Oúnjẹ tó kó pamọ́ nígbà òjò ló ń ná, pẹ̀lú ìwọ̀nba omi tó kù nínú ilẹ̀. Gbèsè ni ewé yẹn. Koríko yá a lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń retí pé bí ewé bá gbòòrò tó, oòrùn á bá òun san án padà. Kó tó san díẹ̀ nínú rẹ̀, màlúù ti dé.

Lọ́dún 1955, Franklin Crider, onímọ̀ nípa ewéko ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ lórí gígé koríko jáde. Nígbà tó gé ewé tí kò tó ìdajì, gbòǹgbò ń dàgbà lọ. Nígbà tó gé ìdá 80 nínú 100, gbòǹgbò dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò gùn sí i rárá. Ẹ ronú sí pápá yín: iná jẹ gbogbo ewé, màlúù tún jẹ gbogbo èyí tó yọ, wọ́n sì tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì torí ibẹ̀ ló dùn jù. Gbòǹgbò wo ló fẹ́ gùn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ọ̀rọ̀ gbòǹgbò sí kékeré. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọrọ̀ ọ̀dàn wà. Gbòǹgbò tó ń kú tó sì ń tún yọ ni oúnjẹ àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, àwọn ló sì ń sọ ọ́ di ọ̀rá dúdú tó ń mú ilẹ̀ rọ̀. Oje tó ń jáde lára gbòǹgbò, àti okùn olú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, ló ń lẹ erùpẹ̀ mọ́ra di hóró hóró, tí àyè fi wà láàárín wọn fún omi àti afẹ́fẹ́. Bí gbòǹgbò bá ti kúrú, ohun tó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra ti tán nìyẹn. Òjò àkọ́kọ́ á bá ilẹ̀ níhòòhò, á fọ́ hóró wọ̀nyẹn túútúú, erùpẹ̀ kíkúnná á dí ojú ihò tó yẹ kí omi bá wọlé, oòrùn á sì yan án. Àwo tí ẹ sọ yẹn nìyẹn.

Mi ò sọ pé sísun lọ́dọọdún kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwọ̀n ilẹ̀ láti ojú ibi 48 jọ, níbi tí a ti ń sun apá kan léraléra tí a sì ń dáàbò bo apá kejì. Ní ọ̀dàn àti nínú igbó ewé gbòòrò, lẹ́yìn ọdún 64, kábọ́ọ̀nù, èròjà tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá dúdú ilẹ̀, nínú ilẹ̀ òkè níbi tí wọ́n ti ń sun ún fi ìdá 36 nínú 100 kéré sí ti ibi tí iná kì í dé, náítírójìn sì fi ìdá 38 kéré. Ẹ wo iye ọdún yẹn dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni iná ń jẹ ilẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin rí láàárín ọdún márùn-ún, iná nìkan kò lè ṣe é. Iná tó bọ́ sí òpin ẹ̀ẹ̀rùn, lórí gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnu màlúù sì tẹ̀ lé lójú ẹsẹ̀, ló ṣe é.

Ṣé kí ẹ má wá sun ún mọ́ rárá? Èyí ni mo ti ṣì ẹnì kan lọ́nà rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Bàbá kan bi mí ní irú ìbéèrè yín nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo ní kí wọ́n pa iná tì. Wọ́n gbọ́ràn. Ní ọdún kẹta, koríko gbígbẹ ti di pelemọ lórí ara wọn débi pé oòrùn kì í dé ìdí èyí tó fẹ́ yọ, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Igi kéékèèké ẹlẹ́gùn-ún gba àyè wọn. Ní ọdún keje, iná wá láti ibòmíràn ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ó bá ẹrù ọdún mẹ́fà nílẹ̀. Mo lọ wo ibẹ̀. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ fún bàbá náà.

Ẹ̀kọ́ kan ti wà ṣáájú mi tipẹ́tipẹ́ tí ì bá là mí lójú, ká ní mo wò ó. Nínú igbó ọba Olókèméjì ní Nàìjíríà, láti ọdún 1929, àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní òpin rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Ibi tí iná kò dé di igbó. Ibi tí iná òpin ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ṣì jẹ́ ọ̀dàn gbalasa, igi díẹ̀ tó lè fara da iná ló kù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ igbó, kó lé iná lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ koríko nílò iná, àmọ́ ìgbà tí ẹ ń dá a àti bí ẹ ṣe ń dá a ni kí ẹ yí padà.

Ẹ pín ilẹ̀ náà sí mẹ́rin. Apá kan ni kí ẹ máa sun lọ́dún, kó tó tún kan án lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ sun ún, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nídìí koríko, kí iná má baà ga, kí ó sì jó ibì kan kó fi ibì kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ní Arnhem Land, ní àríwá Ọsirélíà, ṣe ń ṣe é láti ayébáyé, kí iná ńlá òpin ẹ̀ẹ̀rùn má baà rí ọ̀nà. Ẹ gbá ọ̀nà iná kí ẹ tó ṣáná, ẹ má sì dá a lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Lẹ́yìn náà, èyí tó ṣòro jù fún ẹ̀gbọ́n yín: kí màlúù má dé ibẹ̀ títí òjò á fi rọ̀ tó, tí koríko á fi ga dé orúnkún. Mo mọ̀ pé apá mẹ́ta tó kù á gbẹ, kò ní dùn lẹ́nu ẹran bí ewé tútù. Ẹ fara dà á. Bí ẹ bá wá ṣílẹ̀kùn apá tó jó náà, ẹ kó wọn kúrò nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ẹ má sì sun ibi kékeré bíńtín láti fi dánra wò, torí gbogbo agbo ló máa dúró sórí ibẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò. Ibi tí koríko ti fọ́n ká débi pé iná kò lè ti ìdí kan dé ìdí kejì, ẹ má fi iná kàn án rárá lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ jọ gbẹ́ ihò méjì tó jìn tó apá: ọ̀kan lójú ibi tó le bí àwo, ọ̀kan láàárín igi ẹlẹ́gùn-ún tí ẹnu màlúù kì í dé. Ẹ wo ibi tí gbòǹgbò dúró sí nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá mú agolo tí ẹ ti gé ìdí àti orí rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ díẹ̀ níbi méjèèjì, ẹ da omi tó dọ́gba sínú rẹ̀, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú títí omi á fi wọlẹ̀ tán. Mo ti rí ibi tí ọ̀kan lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí èkejì ṣì kún fún omi nígbà tí a jẹun tán. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ lójú ibi kan náà.

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan ní pátákò ẹran ló ń tẹ ilẹ̀ pa, pé kí a kó gbogbo ẹran kúrò ní pápá fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn yòókù kò gbà. Kí ni ẹ rí sí i?
Akọ̀wé ẹgbẹ́

ÌDÁHÙN
Ọdún mẹ́wàá pọ̀ jù, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí bàbá tí mo sọ lókè yẹn lè ṣẹlẹ̀ sí yín. Pátákò ń ba ilẹ̀ jẹ́ lóòótọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù rinrin, àgàgà ilẹ̀ amọ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ fún un: bí ó bá di ìṣù tó ń dán, ẹ dá ẹran dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹran kì í ṣe ọ̀tá ọ̀dàn. Ní Serengeti, ní Tanzania, àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest pa ẹran igbó tí a ń pè ní wildebeest nípakúpa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n fún màlúù àyíká ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà ká kúrò lára ẹran igbó. Àwọn wildebeest tó jẹ́ nǹkan bí 250,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ju mílíọ̀nù kan lọ kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Koríko tí iná ì bá jó, ẹnu wọn ló gbà á. Ilẹ̀ tó ń jó lọ́dọọdún dín kù gan-an, igi padà, ìgbẹ́ ẹran sì ń bọ̀ sílẹ̀ dípò èéfín tó ń lọ sókè. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹran yẹn kì í dúró lójú kan. Wọ́n á jẹ, wọ́n á kọjá, ó lè di oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó tún padà.

Ibi tí ìgbẹ́ ń bọ́ sí ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín jókòó sọ. Ẹran ń jẹ káàkiri pápá, àmọ́ ibi tó ń sùn àti ibi tó ti ń mumi ló ń da èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sí. Ọ̀rá gbogbo pápá ló ń kó lọ síbì kan. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Kenya, àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ àwọn ibi tí àwọn darandaran ayé àtijọ́ ti ń so ẹran mọ́lẹ̀ wò, láti nǹkan bí ọdún 1,550 sí 3,700 sẹ́yìn. Títí di òní, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ju ti àyíká lọ, koríko rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí mo ṣe kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọgbà ẹran tí àwọn ènìyàn ṣí fi sílẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún ṣì ń bọ́ ilẹ̀! Nítorí náà, ẹ máa ṣí ibùsùn ẹran yín láti ibì kan síbòmíràn, kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sójú ibi tó ṣá jù lọ.

Ẹ sì dáàbò bo yímíyímí. Kòkòrò yẹn ló ń gbé ìgbẹ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ kí oòrùn tó gbẹ náítírójìn inú rẹ̀ dànù, ihò tó ń gbẹ́ sì ni omi ń bá wọlé. Ọsirélíà mọ ìtúmọ̀ àìsí rẹ̀: yímíyímí tó wà níbẹ̀ ti mọ́ ìgbẹ́ kéékèèké gbígbẹ ti kangaroo, ẹran igbó ibẹ̀, lára, kò lè kojú ti màlúù, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wọlé láti Áfíríkà àti ibòmíràn ní ìparí àwọn ọdún 1960. Oògùn aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní ivermectin. Bí ẹ bá fún ẹran lò ó, ó ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì ń pa ọmọ yímíyímí nínú rẹ̀. Ẹran tó ní aràn nìkan ni kí ẹ fún.

ÌBÉÈRÈ
Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Olùkọ́ wa ní iná pápá ń pa gbogbo ohun alààyè inú ilẹ̀, àmọ́ mo rí i pé òkìtì ọ̀gán kì í kú, koríko ìdí rẹ̀ sì máa ń tutù ju ti ibòmíràn lọ. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN
Ọmọ mi, ojú rẹ ríran, inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ. Ohun tó wà lójú ilẹ̀ gan-an ni iná ń pa: kòkòrò tí kò lè sá, ẹyin tí wọ́n yé sára koríko, irúgbìn tó sùn lókè. Ohun tó wà ní ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀ kì í sábà kú nínú iná koríko. Ilé ikán sì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri rẹ̀ sì nípọn.

Ti koríko tútù yẹn: ikán ń kó amọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, àwọn èròjà tí gbòǹgbò kò lè dé sì ń bá amọ̀ náà gòkè. Ó tún ń kó koríko gbígbẹ wọlé kí iná tó dé bá a, nítorí náà náítírójìn inú rẹ̀ kì í bá èéfín lọ. Ọ̀nà tó ń gbẹ́ ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí ìdí òkìtì, koríko ìdí rẹ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Mú ìgò mẹ́ta. Bu erùpẹ̀ ìdí ọ̀gán sí ọ̀kan, bu ti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọ̀nà jíjìn sí èkejì, bu ti ogún ìṣísẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Da omi sí wọn, mì wọ́n dáadáa, gbé wọn síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn wọ́n di ọjọ́ kejì. Ya àwòrán ìpele amọ̀ àti yanrìn tó bá jókòó nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, fi han olùkọ́ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi.